Ta Ló Pa Akọ̀wé Òṣùwọ̀n?

Ẹ má sá. Èmi Akíndípẹ̀ ni,
akọ̀wé òṣùwọ̀n ní sítọ́ọ̀ kòkó Òdòjọ̀mù
ní Oǹdó, níbi tí òórùn kòkó tútù
ti wọ inú bíríkì lọ tí kò jáde mọ́.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi jókòó sórí ìwọ̀n yìí,
abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò mira,
tí mò ń retí ẹni tí yóò béèrè
ohun tó pa mí.

Nígbà tí ẹni náà máa dé, Tísà Akíngbèmí ni.
Ó ti fẹ̀yìn tì. Ó ti ka ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́
títí ojú fi ń ro ó.
Ó mú tọ́ọ̀ṣì dání, ó mú ẹ̀pà sísun nínú ìgò,
ìwé àkọsílẹ̀ ológójì ojú-ewé,
àti agbòjò dúdú tí egungun rẹ̀ kan ti yẹ̀.
"Mo gbọ́ pé òkú ń rìn níbí,"
ló wí, bí ẹni tó ń pe orúkọ ní kíláàsì.
Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti dẹ́rù bà á.

Mo fọwọ́ tútù kàn án lọ́rùn:
ó fa ìborùn rẹ̀ sókè.
Mo ti òkúta ìwọ̀n ṣubú, gbì!
Ó kọ ọ́ sílẹ̀: *Èkúté.*
Mo wá fi ìka kọ FATUSIN sínú eruku,
lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà,
Fátùsìn igbákejì mi, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára àga mi,
tó bu tíì fún mi láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn.
Tísà kà á. Ó fi àmì ohùn tí mo gbàgbé sí i.
Lẹ́yìn náà ló gbálẹ̀.

Ó lọ bá Fátùsìn. Fátùsìn sunkún.
Ó ti darúgbó, kò ríran mọ́;
ó ní èmi ni mo kọ́ òun ní ìṣirò,
pé fọ́tò mi ṣì wà lára ògiri òun.
Ó lọ bá Akínnúbi àbúrò mi
tí a jọ fa ilẹ̀ ọ̀nà Bàgbè mọ́ra wa lọ́wọ́.
Ilẹ̀ náà ti di igbó. Orúkọ mi ló ṣì wà
lára pátákó tó kàn mọ́ igi.

Lọ́sẹ̀ kẹfà ó mú ìwé ọsibítù wá,
ó dúró láàárín sítọ́ọ̀, ó wúkọ́,
bí ẹni pé àwọn afurasí ti péjọ.
Ọmọńlé mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àti èmi.
"Ẹ̀jẹ̀ ríru ni," ó ní.
"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni dókítà sọ fún un kó dín iyọ̀ kù."
Ó pa ìwé dé.

Ẹ̀jẹ̀ ríru!
Èmi tí mo ti fọkàn sí májèlé.
Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ;
mo wo ẹ̀yìn ẹ̀fà,
èje náà ló jókòó síbẹ̀, tó ń wò mí.
Mo ti ń dárí ji Fátùsìn díẹ̀díẹ̀
bí ẹni ń san owó àjọ,
ó kù díẹ̀ kó parí.
Kí ni kí n ti wá fi èyí tó kù ṣe?
Kò sẹ́ni tó kórìíra mi tó bẹ́ẹ̀.
Ó yẹ kí n dúpẹ́. Mi ò tíì lè dúpẹ́.

Inú Tísà pàápàá ò dùn, mo rí i.
Ó pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.
"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ má bínú," ó ní,
ìgbà àkọ́kọ́ tó máa bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn,
"èmi náà rò pé yóò ju báyìí lọ."
Ó wá lọ.

Agbòjò rẹ̀ wà lórí ìwọ̀n,
ó fi díẹ̀ dín ní kílò kan.
Obìnrin tó fi ọdún márùndínlógójì ka orí ọmọ
tí ọ̀kan ò sọnù rí!
Mi ò sọ nǹkan kan. Mò ń ṣọ́ ọ.
Òjò ti ń ṣú bọ̀ láti ọ̀nà Ìdànrè.